Bàbá Aláwọ àti Ẹ̀rọ Apaná Òkè Màpó

Ẹsẹ̀ bàbá náà nìkan ni mo ń rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí mi, eruku ọyẹ́ ti sọ wọ́n di funfun. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń mí. Mo ń gbọ́ bí irin ti ń ha irin, bí ìgbà tí eku bá ń họ ògiri. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan yọ jáde, ọ̀rá ti bò ó dé ọrùn ọwọ́, ó mú awọ kékeré kan dání, róbótó bí ọmọrí ìkòkò.

"Gbà á," ó ní. "Má wulẹ̀ wò ó. Gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbé e sí imú. Òórùn tí mo mọ̀ mọ ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ń retí, òórùn òrí àti ti awọ tútù, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kò rùn, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti kú nìyẹn. Awọ tó bá ṣì wà láàyè, á máa rùn." Ó fa ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àwọn tó gbé ẹ̀rọ yìí wá rò pé irin ló ń gbé omi sókè. Irin kò gbé nǹkan kan. Awọ yìí ni."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ilé wa àti ilé bàbá yìí jọ wà nínú agbolé kan ní Beyerúnká, ògiri kan péré ló là wá láàárín. Ìdílé Mùsùlùmí ni tirẹ̀, onígbàgbọ́ ni wá. Tíṣà ni bàbá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ìyá mi a sì máa ran òwú. N kò gbàgbé orúkọ bàbá náà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ láyé ìgbà náà, Bàbá Aláwọ ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé títí di òní tí èmi náà ti di arúgbó, ẹnu mi kò lè pe orúkọ yẹn sókè.

Iwájú ilé rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ó bá ti kírun Asùbáà tán, ohùn òòlù onígi rẹ̀ ni yóò jí wa, pọ́-pọ́-pọ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da oorun mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ó ń ṣe gàárì ẹṣin, ó ń ṣe àpò tí wọ́n fi ń gbé Kùránì kọ́, ó ń ṣe bàtà fún àwọn àgbààgbà tí wọ́n fẹ́ lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí ogun wà, apó ọfà àti àkọ̀ idà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Bí a bá bi í, á ní, "Nǹkan tí mo rán lọ sójú ogun kò padà wá sọ ohun tó rí fún mi." Á sì tún fi ìda pa òwú rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Báyìí ni ó ṣe di oníṣẹ́ ẹ̀rọ apaná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akódà kan wá láti ilé ẹjọ́ ní Òkè Màpó, ó gbé nǹkan kan kọ́ èjìká tí gbogbo àwa ọmọdé fi sá, nítorí a rò pé erè ni. Awọ ni, awọ màlúù nínípọn tí wọ́n ká bí ọ̀pá oparun, tí wọ́n sì fi ìṣó bàbà kan etí rẹ̀ pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Akódà náà ní inú rẹ̀ ni omi ń gbà. Ó ní ó ti sán, ajẹ́lẹ̀ sì ní kí wọ́n wá ẹni tó lè tún un ṣe.

Bàbá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. "Ìfun nìyí," ó ní. "N kò lè tọ́jú ìfun láìrí ẹran tó ni ín. Ẹ mú mi lọ."

Ó yà sí ilé wa kí wọ́n tó lọ. "Tíṣà," ó wí fún bàbá mi, "wọ́n ní òyìnbó kọ nǹkan sára ẹ̀rọ ọ̀hún. Jẹ́ kí ọmọ rẹ bá mi lọ kà á. Ojú rẹ̀ ṣì mú."

Bí mo ṣe di ẹni tí ń bá a lọ sí Òkè Màpó nìyẹn.

Mo ti rí oríṣiríṣi ọkọ̀ láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe tó Apaná. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń pè é nìyẹn. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é, láyé ọbabìnrin tó jẹ kí a tó bí mi. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi gbó, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá bá wa ní Ìbàdàn. Àpótí onígi gígùn ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń dán bíi wúrà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló fi dúró, méjì iwájú kéré sí méjì ẹ̀yìn. Ọ̀pá onígi gígùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ọkùnrin mẹ́jọ mẹ́jọ sì lè dì í mú. Bí tọ̀tún bá tẹ tiwọn sílẹ̀, tòsì á dìde.

Bàbá ṣí ikùn ẹ̀rọ náà hàn mí. Odó idẹ méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dúró ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ odó tirẹ̀.

"Ṣé o ti rí obìnrin méjì tí wọ́n ń gúnyán pọ̀ rí?" ó bi mí. "Tí ọ̀kan bá gbé ọmọ odó sókè, èkejì á sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí eléyìí ń ṣe nìyẹn. Omi ni iyán rẹ̀. Awọ tí o gbóòórùn yẹn ló wé mọ́ orí ọmọ odó, tí omi kò fi ní rí àyè sá padà."

Láàárín odó méjèèjì, bàbà pupa kan wú rondo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Èyí ni kò kọ́kọ́ yé e. Ó gbá a, ó fetí sí i, ó mi orí. Ọjọ́ kẹta ni ó tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni!" ó ní. "Wo ẹni tó ń fun kàkàkí. Tí ó bá fẹ́ mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa ti afẹ́fẹ́ jáde, ohùn kò sì ní já. Afẹ́fẹ́ ló wà níbí yìí. Òun ló ń ti omi lọ ní gbogbo ìgbà tí àwọn tó ń tẹ ọ̀pá bá ń pa ọwọ́ dà." Ó fọwọ́ pa bàbà náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Ẹni tó ro èyí, ó ronú."

Ìwé tí òyìnbó kọ wà lára idẹ pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn àpótí náà. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tíì tó nǹkan. Mo mọ lẹ́tà gbogbo, ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo bá dà á kọ sórí síléètì mi, mo rọra gbé e délé kí ó má bàa pa rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi kà á, ó túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Aláwọ ní ẹnu ọ̀nà: kí wọ́n máa fi ọ̀rá pa awọ lóòrèkóòrè, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ.

Bàbá Aláwọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òyìnbó tó kọ eléyìí," ó ní, "aláwọ ni bàbá rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó gé awọ tuntun fún orí ọmọ odó méjèèjì, ó fi òrí tí a yọ́ rẹ wọ́n títí wọ́n fi rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Ìfun mẹ́rin ni wọ́n gbé wá láti Èkó. Méjì ti jẹrà kọjá àtúnṣe, ó sì mú méjì yòókù bọ̀ sípò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, omi náà ta lọ sókè, ó ré orí igi oṣè kan tó wà lẹ́bàá ilé ẹjọ́ kọjá, àwọn ẹyẹ fò lọ, àwa ọmọdé sì bọ́ sínú òjò ọ̀sán gangan náà, à ń jó. Akódà tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà gbàgbé pé òun wọ fìlà ìjọba. Òun náà jó.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ní àfi kí wọ́n máa fún Apaná lómi mu lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú akódà kọ́kọ́ dùn sí i. Nígbà tó ṣe, ó sú u. Ó nira láti kó ọkùnrin mẹ́rìndínlógún jọ, ó tún nira láti wá omi nígbà ọyẹ́.

"Bàbá," ó wí lọ́jọ́ kan, "iná wo là ń pa tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu báyìí?"

Bàbá kò bínú. "Ẹṣin tí a kì í gùn," ó ní, "ọjọ́ tí a bá fẹ́ sá ogun ni yóò tó fihàn wá pé òun ti yarọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ akódà lára. Kò tún ráhùn mọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún náà sì ń wá, aláàárù ni àwọn kan nínú wọn ní Ọjà'ba, alágbẹ̀dẹ ni àwọn mìíràn. Nígbà tí oṣù méjì fi máa kọjá, ọwọ́ wọn ti bára mu débi pé o lè fi ìró ọ̀pá náà rẹ ọmọ sùn.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè gbogbo wa sán. Koríko tó wà lórí ilé gbẹ, ó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ bí atẹ́gùn bá kọjá lórí rẹ̀. Láàárín ọyẹ́ yìí ni ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin. Ìrọbí náà pẹ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì dànù. Nígbà tí ọmọ fi pé ọjọ́ márùn-ún, ìyá mi kò tíì lè dìde jókòó láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ọwọ́ gbé e lẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún náà, mo jókòó ní ìsọ̀ Bàbá, mo ń ṣa ìṣó bàbà fún un. Bàbá mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́ bí ó ti máa ń rí kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Lójijì ni mo gbọ́ igbe obìnrin kan láti ìta.

"Iná o! Ẹ gbà wá o!"

Wọ́n ń ṣe àdín ní ilé kẹrin sí tiwa, lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Òróró ló ru bo iná. Nígbà tí a fi máa jáde, òrùlé ilé náà ti di pupa, iná ti fò sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bàbá wo èéfín, ó wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà, lẹ́yìn náà ni ó wò mí.

"Wọlé lọ bá ìyá rẹ. Bu omi sí aṣọ, kí ẹ fi bo imú. Sọ fún un pé mo ń bọ̀."

Ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré. Mo rántí bí ó ṣe ń sáré, arúgbó tí orúnkún máa ń dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ya sọ́tùn-ún sósì bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ó dorí kọ Òkè Màpó.

Mo wọlé. Mo ṣe bí ó ti wí. Ìyá mi ti jí, ó ti gbé ọmọ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ funfun báláú.

"Gbé ọmọ yìí," ó ní, "kí o sá jáde. Yára."

Mo gbé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde láti yàrá ìyá mi, òrùlé ilé tó wà lódì kejì rẹ̀ sì na orí bò ó. Nígbà tí mo dé ẹnu rẹ̀, koríko tó ń jó ti ń já bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìdì ìdì, ooru náà sì gbá mi lójú bí ìgbà tí ènìyàn gbá mi létí. N kò lè kọjá. Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn ní òdì kejì, wọ́n ń pe orúkọ ìyá mi, wọn kò lè wọlé. Mo padà, mo dùbúlẹ̀ ti ìyá mi lórí ẹní, a fi ọmọ sáàárín. Kò bá mi wí. Ó fa aṣọ tútù náà bo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Olúwa, Olúwa," kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi kún un.

N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Èéfín ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan láti òkèèrè, ìró irin lórí òkúta, ó ń bọ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó bí àrá tó ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀, ariwo àwọn ọkùnrin sì wà láàárín rẹ̀. Ó dé ìta agbolé wa, ó dúró. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń ké pé kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé èyíkéyìí wá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀pá Apaná. Gbì. Gbì. Gbì. Ìró tí mo mọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Omi bọ́ sórí òrùlé wa. Ó dún gẹ́gẹ́ bí òjò ńlá àkọ́rọ̀, koríko náà ń ké ṣààà, omi gbóná wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò bọ́ sára wa, lẹ́yìn náà ó tutù. Búlúù ni. Mo rò pé ojú mi ló ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni wọ́n tó sọ fún wa pé omi kànga ti tán, pé àwọn aláró agbolé kejì ló da omi inú ìkòkò aró wọn sínú ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.

Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi ni ògiri tó là wá láàárín pẹ̀lú ilé Bàbá. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró mìíràn, iná tó ń jẹ nǹkan. Mo wá gbọ́ ohùn akódà ní ìta, ó ń pariwo.

"Bàbá! Ilé yín ti gbiná! Ẹ yí i síbẹ̀! Ìsọ̀ yín ló ń jó yẹn!"

Ohùn Bàbá dáhùn, ó sún mọ́ wa gan-an. "Mo rí i. Abiyamọ wà nínú ilé yìí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́."

"Ìṣẹ́jú kan péré, Bàbá! Ká fi bomi pa á lẹ́ẹ̀kan, ká tún..."

"Mo ní ẹ máa tẹ̀ ẹ́!"

N kò gbọ́ kí ó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀pá náà kò dúró. Gbì. Gbì. Gbì. Omi kò kúrò lórí wa.

Nígbà tí wọ́n rẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dáadáa, àwọn ọkùnrin méjì já wọlé, wọ́n fi ẹní gbé ìyá mi tòun tọmọ, mo dì mọ́ etí ẹní náà, a jáde sí ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó dúró sí àárín agbolé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ya, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu idẹ Apaná mú, omi aró ti kùn ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ìfun náà ti ń jò níbi ìsopọ̀, ó sì fi ikùn ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí agbára omi má bàa sọnù. Lẹ́yìn rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ ń jó, iná ti yọ lójú fèrèsé. Nígbà tí ó rí i pé ìyá mi ti jáde ni ó tó yíjú, tó yí omi sí ilé tirẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Òrùlé náà wó lulẹ̀ lójú gbogbo wa.

Ilé márùn-ún ló jó lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó kú.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá fi igi tú inú eérú. Àwọn awọ rẹ̀ gbogbo ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ gbé wá láti Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìlú náà tú, ó rí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jóná, èèkù rẹ̀ kò sí mọ́. Ó fi aṣọ wé e.

Ilé wa ni ó wá gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ ní Ìdí Arẹrẹ àti ní Yemẹtu, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó ní òun kò lè fi agbolé sílẹ̀. Nínú pálọ̀ wa tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kan òrùlé rẹ̀, ó ń kírun Asùbáà ní igun kan, bí ó bá sì ti sálámà tán, bàbá mi á mú ìwé orin jáde ní igun kejì. Bàbá Aláwọ á jókòó, á fetí sí orin wa títí yóò fi parí. Ó ní a máa ń kọ ọ́ lọ́ra jù, pé ẹni tó ń dúpẹ́ kì í fà.

Ní ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ lè rìn, ó lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀. Ó ń sunkún.

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá ní. "Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í fi orúnkún kan ilẹ̀ tútù. Ṣé o ti mu omi gbígbóná lónìí?"

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, tí a sọ ọ́ lórúkọ, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá mi kọ́kọ́ gbé e lé kí àlùfáà ìjọ tó gbà á. Kò sí ẹni tó lòdì sí i.

Àwọn aláwọ Ọjà'ba wá kí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ohun èlò kan wá: abẹ́rẹ́, òòlù, pákó tí wọ́n fi ń gé awọ. Bàbá mi kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó dàgbà wá po amọ̀. Àwọn tó ń tẹ ọ̀pá Apaná wá mọ ilé rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òkè, bí wọ́n ṣe ń sọ amọ̀ fún ara wọn, ọwọ́ wọn ṣì bára mu. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìró òòlù rẹ̀ ti tún ń jí wa láàárọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wá tí kò fẹ́ kí ènìyàn tẹ ọ̀pá kankan. Wọ́n wọ́ Apaná lọ, n kò mọ ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ náà kò lọ. Títí dé Oníyanrìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní Bàbá Aláwọ dúró bí òkúta, pé ilé rẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀, kò fi ojú kan wò ó. Èmi náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, mo sì ń fi ṣe fáàrí.

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo gbé e lọ fún un kó rí i. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ló fi rí ọmọ náà, ó fi ìka rẹ̀ pa á ní iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́ pé ẹ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Agbára ibo lẹ ti rí?"

Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ó ní. "Mo wò ó. Nígbà tí akódà pariwo, mo yíjú, mo wò ó, mo rí iná lórí àga tí mo ń jókòó lé. Ọwọ́ mi ti fẹ́ yí ẹnu Apaná sápá ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ti fẹ́ yí." Ó fa ọmọ mi mọ́ra. "Ọ̀bẹ yẹn dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bí ó ti ń dùn mí lọ. Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé kò ní dùn ọ́. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ọjọ́ tó bá kàn ọ́, tí ó sì dùn ọ́, o ó rò pé ìwọ kì í ṣe ènìyàn rere."

Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní àárọ̀ Jímọ̀, ní ìrọ̀rùn. Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí a fi sáàárín èmi àti ìyá wa lórí ẹní, ti ní ọmọ-ọmọ báyìí.

Mo ti tọ́ ọmọ méje. Mo ti fi ohun tí mo fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì lè purọ́, ó dùn mí nígbà gbogbo. Mo máa ń yíjú wò ó. Bí mo bá ti wò ó tán, mo máa ń rántí pé ẹni tó dára jù lọ tí mo mọ̀ láyé náà wò ó, ọwọ́ rẹ̀ náà fẹ́ yí, kò sì yí i. Ọkàn mi á balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún omi tó dà lé wa lórí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó sọ fún mi yẹn, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ fún.